Kó O Tó Rán Àwáwù Lọ sí Ìlaròó

Ilo-Awela,
Sango-Ọ̀tà.
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ráṣídì ọmọ mi, ọmọ Sàlámọ̀tù,

Àsàlámù àléékùmù. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Ara mi le, ìyá ẹ wà lálàáfíà, àwọn àgbò ń jẹ. Ìyẹn ni mo fi ṣáájú kí àyà ẹ má bàa já, torí látìgbà tó o ti dáyé, mi ò kọ lẹ́tà sí ẹ rí.

O máa bi ara ẹ pé kí ló dé tí bàbá ò pe fóònù, nígbà tó jẹ́ pé láti Ilo-Awela dé Joju, ọ̀kadà kan ni. Mo pè ẹ́. O ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá sílé ẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa Àwáwù, ọmọ ìyàwó ẹ, lo dìde, o ní o fẹ́ lọ wo jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ látọjọ́ tó o ti kó dé ibẹ̀. Ọmọ mi, ọgbọ́n tó o fi sá fún mi yẹn, èmi ni mo kọ́ ẹ. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ẹni tá à ń bá sọ̀rọ̀ lójúkojú, ohun tó máa fi dá wa lóhùn ló ń rò. Ẹni tó ń kàwé, ẹnu ẹ̀ á dákẹ́, etí ẹ̀ á là.

Má sì fi ọwọ́ ìwé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Pámárì tírì ni mo dé tí mo fi já sílẹ̀. Ilé ìwé àwọn àgbà ní Oju Ore ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá, nígbà tí irùngbọ̀n ti kún mi lẹ́nu. Olùkọ́ wa ní ìwé mi dà bí ìgbà tí adìyẹ bá tan ilẹ̀. Mo ní kò burú, adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ ló ń rí jẹ. Lónìí, ta ni wọn ò mọ̀ láti Sango dé Oju Ore tí wọ́n bá ní Àlàájì Jímọ̀ Alágbò?

Ó yá, ọ̀rọ̀ dé. Ìyàwó ẹ ò rán mi níṣẹ́, má lọ bá a jà. Ojú mi ni mo fi rí i. Nígbà tó o lọ wo jẹnẹrétọ̀ rẹ, mo rí báàgì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bàtà ọmọdé wà lórí ẹ̀. Mo bi Sẹ̀kínátù ìyàwó ẹ pé ta ló ń rìnrìn àjò. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, Ráṣídì ní kí Àwáwù lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìlaròó. Ọjọ́ Sátidé ni." Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun.

Kí n má purọ́ mọ́ ẹ, o ò sọ̀rọ̀ burúkú sí ọmọ náà. Kó o tó dìde, o fọwọ́ kan àyà ẹ, o ní, "Bàbá, mi ò kórìíra ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ló ṣe mí? Ṣùgbọ́n mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan níbí. Tó bá rí mi, á figbe ta. Ṣé kí n wá máa ṣeré orí ìtàgé nínú ilé ara mi ni? Ọmọ ọkùnrin mìíràn ni."

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo fẹ́ràn ẹni tó bá sọ òótọ́ inú ẹ̀. Torí náà, èmi náà á sọ tèmi. Nígbà tó o wà ní kékeré, mo wò ẹ́ títí, mi ò rí nǹkan kan.

O mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo bí ẹ, a ò fi pamọ́ fún ẹ rí. Làsísì awakọ̀ ni bàbá tó bí ẹ, ọmọlúàbí ni, ìwọ ṣì ń rá kòrò nígbà tí Ọlọ́run pè é. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ohun tí mi ò sọ fún ẹ rí ni bó ṣe rí lára mi nígbà tí ìyá ẹ gbé ẹ wọlé mi. Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ ò jẹ́ kí n sùn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ, mo gbà ẹ́ bí ẹni tó ra àgbò tí wọ́n fi okùn lé e lọ́wọ́. Okùn ò burú. Àmọ́ àgbò ni mo wá rà.

Ìyá ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnì bisikíìtì, ṣíìfù àárọ̀. Ẹni tó máa mójú tó ẹ ò sí. Bó ṣe di pé èmi àti ìwọ jọ ń lọ sí ọgbà ẹran nìyẹn, ní Oju Ore, lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí kí n máa fa ẹran kiri fún àwọn olówó ni. Ọmọdé ò sì ṣeé gbé kalẹ̀ láàárín àgbò. Àgbò ò mọ orí ọmọ yàtọ̀ sí orí àgbò ẹgbẹ́ ẹ̀, á kàn án ni. Mo ronú, mo wá gé dúrọ́ọ̀mù búlúù kan sí méjì, irú èyí tí kọ́ńpìnì ń tà nígbà tí òróró inú ẹ̀ bá tán. Mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ àpò sí i, mo gbé ẹ sínú ẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. O ké, o ké, èmi ń súfèé ní tèmi. Nígbà tó yá, o dákẹ́. Mo tún rò pé mo gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ń sọ fáwọn èèyàn pé ó ti mọ́ ọn lára. Mi ò mọ̀ pé ọmọ tó ké tí ò rẹ́ni dá a lóhùn, tó wá dákẹ́, kì í ṣe pé inú ẹ̀ dùn. Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù lo máa ń wò. Tí mo bá yọjú, o ò ní gbójú sókè.

Máláàmù Gàrúbà tó ń bá mi da ẹran nígbà yẹn ló kọ́kọ́ là mí lójú, láìmọ̀ pé òun ń là mí lójú. Abo àgùntàn kan bí òkú ọmọ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, abo mìíràn bímọ, òun fúnra ẹ̀ wá kú. Èmi ní kò sí wàhálà: ìyá tí ò lọ́mọ nìyí, ọmọ tí ò níyàá nìyí. Mo gbé ọmọ lọ fún un. Ó kàn án dànù. Mo tún gbé e lọ, ó tún kàn án. Inú bí mi, mo mú pàṣán. Máláàmù di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọ̀gá, wọn kì í na ẹran kó fẹ́ràn ọmọ."

Ó lọ síbi tí òkú ọmọ yẹn wà. Ó fi ọwọ́ nu omi ìbímọ tó wà lára ẹ̀, ó fi pa ọmọ aláìníyàá náà lórí, ó fi pa á lẹ́yìn dé ìdí. Ó gbé e síwájú abo náà, ó fà sẹ́yìn. Abo náà gbóòórùn ẹ̀. Ó yíjú bíi pé kò fẹ́, ó tún padà gbóòórùn ẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Kí oòrùn tó yẹ̀, ọmọ ti ń mu ọmú, abo náà ń kùn lọ́nà ọ̀fun, ohùn jẹ́jẹ́ kan báyìí tí àgùntàn kì í fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ọmọ ẹ̀.

Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ìwọ náà ń wò wọ́n láti inú dúrọ́ọ̀mù ẹ. Ṣé o rò pé orí mi pé lọ́jọ́ yẹn? Ọ̀rọ̀ ẹran ni mo kà á sí.

Àgbò ló parí ẹ̀. Ọ̀kan já okùn, ó rí dúrọ́ọ̀mù búlúù níwájú ẹ̀. O mọ̀ pé àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Mo rí i tó fẹ̀yìn rìn. Mi ò mọ ìgbà tí mo fò. Mo fà ẹ́ yọ, dúrọ́ọ̀mù lọ fọ́ mọ́ ògiri. Ìyá ẹ ti gbàgbé ọ̀já ẹ̀ kan sára ilẹ̀kùn ọgbà, ọ̀já aláwọ̀ ewé tó ní ìlà pupa. Mo mú un, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ẹ sẹ́yìn, mo dì ẹ́ pa. Mi ò pọ̀n ẹ́ torí ìfẹ́ o. Mo pọ̀n ẹ́ torí pé ẹ̀yìn mi nìkan ni àgbò ò lè dé.

Ráṣídì, ọkùnrin, ní Oju Ore, lójú títì, ó pọnmọ. Àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí dúró. Àwọn alágbàfọ̀ dúró. Kàmọ́rù alápatà, ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu ẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ẹ̀ lọ, dúró láàárín ọ̀nà, ó ní, "Jímọ̀, ṣé Sàlámọ̀tù ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ni?" Ìwọ ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀: akọ ẹran tí wọ́n bá ti fọ́ kóró ẹ̀, kó má lè jà mọ́, kó sanra, òun ni wọ́n ń pè ní òdá. Gbogbo ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kàmọ́rù, òdá ló ń sanra lọ́jà. Akọ tó ń jà kiri ló ń gbẹ. Wo ara ẹ, kó o wo ara mi." Ẹ̀rín náà wá kúrò lọ́dọ̀ mi, ó kọjú sí i.

Àmọ́ mo rí nǹkan kan tí Kàmọ́rù ò rí. Obìnrin tó bá fẹ́ ra àgbò, tó bá rí ọkùnrin tó pọnmọ, kì í ná ọjà gùn. Wọ́n á ní ẹni tó lè ṣe báyìí fún ọmọ, kò ní ta ẹran olókùnrùn fún àwọn. Lóòótọ́, mi ò tà á. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi yá sí ìjà ní gáréèjì Sango, kò sí ẹni tí mi ò lè gbá létí. Tí ọmọ bá wà lẹ́yìn ẹni, ta la máa bá jà? Ó di dandan kí n fi ẹnu sọ ọ́. Ẹnu ni mo wá fi di olówó. Iléyá ọdún yẹn, ọgbà mi ṣófo kí ti àwọn ẹlẹ́ran yòókù tó dín. Mò ń sọ fún ẹ: orí ẹ̀yìn mi lo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, o ò tíì lè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí nǹkan wá yí padà nínú mi, kò sí ariwo kankan. Mo fẹ́ kírun alásárì. O ti sùn. Mo tú ọ̀já, mo gbé ẹ sórí ẹní, mo ṣe àlùwàlá. Bí mo ṣe dìde dúró báyìí, ẹ̀yìn mi tutù. Kò sí atẹ́gùn níbì kankan. Ibi tó o máa ń wà lẹ́yìn mi yẹn gan-an ló tutù, bí ìgbà tí wọ́n gbé ìkòkò kúrò lórí ààrò. Mo kírun náà tán, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí mo kà. Mo yíjú. O ti jí. O ò ké. O gbójú sókè, o wò mí, o na ọwọ́ méjèèjì. Wàláì, nǹkan kan lọ sókè lọ sódò láyà mi. Látọjọ́ náà, tí wọ́n bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní, orí ẹ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé ìwà rere mi ni. Mo máa ń fi yangàn pé Jímọ̀ lójú àánú. Àfìgbà tí Dókítà Bùsọ́lá, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹran mi báyìí, wá ṣàlàyé fún mi. Mo sọ ìtàn abo àgùntàn yẹn fún un, mo rò pé ẹnu máa yà á. Ẹnu ò yà á. Ó ń fi abẹ́rẹ́ gún àgbò lọ́wọ́, ó ní, "Họ́mónù ni, Àlàájì." Mo ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òògùn ni, sà. Ṣùgbọ́n ara fúnra ẹ̀ ló ń pò ó, ara fúnra ẹ̀ ló ń mu ún."

Mo jókòó lórí àpò èèpo ẹ̀wà, mo ní kò ní lọ síbì kankan àfi tó bá ṣàlàyé tán. Ọmọ yẹn mọ̀wé, ó sì ní sùúrù fún arúgbó. Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ẹ gbé e fún ẹ, ìwọ tó o ti di súpáfáísọ̀. Ọpọlọ ni máníjà. Ó wà lókè, kì í sọ̀ kalẹ̀. Àwọn họ́mónù yìí ni ìránṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ọ̀kan ń sọ pé jà. Ọ̀kan ń sọ pé sá. Ọ̀kan ń sọ pé sún mọ́ ọn. Ìránṣẹ́ á dé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á gbọ̀n. Á dé ọmú, wàrà á sọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọmọ á ti wà lọ́jà, tí á gbọ́ ẹkún ọmọ ọlọ́mọ, tí ọmú ẹ̀ á tutù lábẹ́ aṣọ. Ṣé òun ló sọ fún ọmú pé kó sun? Èyí tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé ìránṣẹ́ ò kàn ń ti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ọwọ́ tó gbé ọmọ náà ń ránṣẹ́ lọ sókè. Máníjà á gbọ́ pé wọ́n ń gbé ọmọ níbí o. Òun náà á po òògùn míì sílẹ̀. Bí o ṣe ń gbé e sí i ni òògùn ń pọ̀ sí i, bí òògùn ṣe ń pọ̀ sí i ni gbígbé ọmọ ń wù ẹ́ sí i. Olúwa mi ò! Mo ti rí ẹ̀rọ ní gbogbo kọ́ńpìnì tó wà ní Ọ̀tà yìí, mo ti ta àgbò fún àwọn ọ̀gá wọn. Mi ò tíì rí ẹ̀rọ tí wọ́n á máa lò tí á máa po epo tó ń lò fúnra ẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́run nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Ó pe orúkọ ìránṣẹ́ tó ń múni sún mọ́ni yẹn, ọ́síítósìn. Ẹnu mi ò gbà á, mo sọ ọ́ ní Ìsúnmọ́. Ó ní òun ló kún orí abo àgùntàn yẹn lọ́jọ́ tó bímọ, tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí òórùn ọmọ lè wọlé. Ó ní ilẹ̀kùn ti àgùntàn kì í pẹ́ tì. Tí ọmọ ò bá tètè wọlé, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Mo bi í pé tèèyàn ńkọ́. Ó ní, "Tèèyàn ò tì, Àlàájì. Kódà ọkùnrin ní in. Ẹni tó bá ṣáà ti kan ilẹ̀kùn náà."

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Kàmọ́rù fún un. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní Kàmọ́rù ò jẹ̀bi tán. Ọkùnrin tó bá ń gbé ọmọ, tó ń bọ́ ọ, tí ọmọ ń sùn sí i lára, ìránṣẹ́ tó ń ti inú kóró wá, èyí tó ń mú àgbò kàn, máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ lára ẹ̀, kó lè ráyè fún ọmọ. Mo ní kó má sọ ìyẹn fún Kàmọ́rù o. Àmọ́ kò tì mí lójú. Bó ṣe lọ sílẹ̀ tó yẹn náà ni mo fi bí àwọn àbúrò ẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó dáa, gbọ́ ìmọ̀ràn mi wàyí.

Èkíní. Má dúró de ìfẹ́ kó o tó gbé ọmọ. O ní o wò ó títí, o ò rí nǹkan kan. Ta ló ní kó o máa wò ó? Wíwò kọ́ ló ń pò ó. Tó o bá ń wo iyẹ̀fun láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé ó máa di búrẹ́dì? Ọwọ́ ló ń ṣáájú, ọkàn á wá tẹ̀ lé e. Kì í ṣe eré orí ìtàgé. Ẹni tó ń gbin nǹkan ò purọ́ torí pé kò tíì hù.

Èkejì. Ẹkún Àwáwù kì í ṣe ìkórìíra. Ìránṣẹ́ kan tún wà tó ń jẹ́ Ìjayà, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ dé ilé tuntun, òórùn tuntun, ọkùnrin gíga kan ń wọlé. Máníjà kékeré orí ẹ̀ á ní ewu dé o. Mo sì rí nǹkan kan lọ́jọ́ tí mo wá tí ẹ̀yin méjèèjì ò rí. Kó tó rí ojú ẹ ló ti ń sá. Bàtà ẹ ló gbọ́. Bàtà kọ́ńpìnì yẹn, èyí tí wọ́n fi irin sí níwájú, ó ń dún kò kò kò lórí táìsì bí ẹni tó ń bọ̀ wá mú èèyàn. Èmi gan-an fẹ́ sá. Bọ́ ọ síta. Wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀, má tẹjú mọ́ ọn, má pè é. Máa jẹ nǹkan ẹ. Mú ẹ̀pà, ọmọdé fẹ́ràn ariwo ẹ̀pà tí wọ́n ń bó. Àwọn àgbò tuntun, bí mo ṣe ń mú wọn mọ́ mi nìyẹn: mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí wọn ni. Ó máa wá. Lọ́jọ́ tó bá gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ẹ, má pariwo, má pe ìyàwó ẹ wá wò ó.

Ẹ̀kẹta, ti iṣẹ́ ẹ. Mo yọ̀ pé wọ́n fi ẹ́ jọ̀gá, mo pa ẹran sí i. Ṣùgbọ́n mo mọ àgbò. Àgbò tí mo bá fi ṣe ọ̀gá ọgbà, ọrùn ẹ̀ á nípọn, ojú ẹ̀ á pọ́n, á máa kan ògiri. Agbára tuntun máa ń ru ẹ̀jẹ̀ akọ sókè. Kọ́ńpìnì ni kó o ti lò ó, kó o gbé e kọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Má sì dájọ́ nǹkan kan tó o bá ti ṣíìfù alẹ́ dé. Mo bi ìyàwó wa pé ìgbà wo lo sọ̀rọ̀ Ìlaròó. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó o dé, tí o ò tíì jẹun, ni Àwáwù ń ké. Ráṣídì, ìwọ kọ́ lo dá ẹjọ́ yẹn. Ebi àti oorun ló dá a. Pè wọ́n padà sí kóòtù, kó o tún ẹjọ́ náà dá nígbà tó o bá ti yó.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ, mi ò mọ ìkelòó tó jẹ́ mọ́, fi kún un. Ọdún kan, mo tètè ta ọmọ àgùntàn kan torí oníbàárà ò lè dúró. Abo tó bí i ké títí ohùn ẹ̀ fi ha. Koríko wà níwájú ẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó sanra nígbà tó yá o, àmọ́ tí ọkọ̀ bá ti dúró níwájú ọgbà, á gbórí sókè. Tó o bá rán Àwáwù lọ, Sẹ̀kínátù máa sè fún ẹ, ó máa fọṣọ fún ẹ, ó máa kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ara ẹ̀ á wà ní Joju, etí ẹ̀ á wà ní Ìlaròó. Ṣé ìdajì obìnrin lo fẹ́? Obìnrin tó fẹ́ ẹ tọmọtọmọ gbà pé o tó ọkùnrin tó lè gbé méjì. Oríire nìyẹn, kì í ṣe ẹrù.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí náà, torí mo mọ ẹnu ẹ. Má wá sọ lọ́la pé, "Bàbá ní họ́mónù ni, kì í ṣe ẹ̀bi mi." Mo bi dókítà yẹn, ó ní ìránṣẹ́ á jíṣẹ́, àmọ́ ìránṣẹ́ ò ní ẹsẹ̀ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ lè ní kó o jà, ìwọ jókòó. Ọkàn lè ní kò sí nǹkan níbí, ìwọ gbé ọmọ. Ibẹ̀ lèèyàn ti yàtọ̀ sí àgbò. Ẹran mi ò lè ka lẹ́tà.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Nínú igba yẹn, ẹnìkan péré ni mo ní kó o jẹ́.

Kí n wá parí ẹ̀. O mọ Súlútáànì, àgbò mi tí ìwo ẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín, tí àwọn olówó ti wá ná láti Èkó tí mi ò tà. Tẹ́tẹ́ ò dáa nínú ẹ̀sìn, torí náà ká pè é ní ìlérí. Jẹ́ kí báàgì yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lónìí, kó o tó bọ́ bàtà. Jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ́ ẹ. Tó bá ti gbà fún ẹ, pọ̀n ọ́n. Má fi tipá pọ̀n ọ́n. Tí ojú bá ń tì ẹ́ nítorí àwọn ará Joju, pọ̀n ọ́n nínú ilé. Máa pọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ títí oṣù tuntun á fi lé. Lọ́jọ́ náà, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó o dìde dúró, kó o gbọ́ ẹ̀yìn ara ẹ. Tí ẹ̀yìn ẹ ò bá tutù, wá tú Súlútáànì lórí èèkàn, tìẹ ni. Èmi fúnra mi á gbé Àwáwù lọ sí Ìlaròó, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Ẹni tó bá mọ bí mo ṣe ń ná ọjà mọ̀ pé mi ò lè fi Súlútáànì sílẹ̀ báyìí tí mi ò bá ti mọ ibi tí ọjà máa já sí.

Ọlọ́kadà tó gbé lẹ́tà yìí wá máa fún ẹ ní nǹkan kan nínú ọ̀rá. Ọ̀já ni. Aláwọ̀ ewé, ìlà pupa ẹ̀ ti ṣá. Ìyá ẹ ti fẹ́ fi nulẹ̀ láìmọye ìgbà, mi ò gbà fún un. Kò tíì gbó, ó ṣì máa ń di èèyàn pa. Etí ẹ̀ kan ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Tí Sẹ̀kínátù bá ní òun fẹ́ rán an, ní kó fi sílẹ̀. Ìgbà tí eyín ń yọ lẹ́nu ẹ, lẹ́yìn mi, lo fi eyín fà á ya.

Kí Ọlọ́run ṣe ẹ ní bàbá.

Èmi ni bàbá ẹ,
Àlàájì Jímọ̀ Alágbò.